Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin nínú Ẹ̀wù Kan

Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìwà ènìyàn ni àwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, wọn kò ní ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ́kàn. Síbẹ̀, bí a bá wo èdè Gẹ̀ẹ́sì dáradára, a óò rí i pé òwe náà bá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mu. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó rí bákan náà lójú ìwé, tí wọ́n sì dún bákan náà létí, lè má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà rárá. Àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré nì, sound. Lẹ́tà márùn-ún péré ni ó ní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wọ ẹ̀wù kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe pàdé ní láti mọ ìtàn àwọn tí ó tẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dó, àti ti àwọn tí ó wá ṣẹ́gun rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ èkíní ni èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó yè, tí kò ní àbùkù. Ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, àwọn ẹ̀yà Angle àti Saxon wọ ọkọ̀ ojú omi láti etí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Jámánì àti Dẹ́ńmákì lónìí, wọ́n sì wá tẹ̀dó sí erékùṣù Bìrìtéènì. Lára ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wọn ni gesund, èyí tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, iwájú ọ̀rọ̀ náà gé kúrò, ìyókù sì di sound. Igi tí ikán kò jẹ, ìpìlẹ̀ tí kò yẹ̀, ìmọ̀ràn tí ó mọ́gbọ́n dání, oorun tí ohunkóhun kò dí lọ́wọ́: gbogbo wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ yìí júwe. Àwọn ará Jámánì kò gé tiwọn kúrú. Gesund ni wọ́n ń wí títí di òní, bí ẹnìkan bá sì sín láàrin wọn, ìlera ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Gesundheit tọrọ fún un.

Ọ̀rọ̀ èkejì bá àwọn ará àríwá wá. Ní ọdún 793, àwọn jagunjagun ojú òkun tí à ń pè ní Viking kọlu ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Lindisfarne, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọn wá, wọ́n sì jókòó. Ní èdè tiwọn, sund ni ìlúwẹ̀ẹ́, òun náà sì ni omi tóóró tí ó wà láàrin ilẹ̀ méjì. Ó bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, swim, tan. Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni Øresund, tí ó pín Dẹ́ńmákì àti Swídìn níyà. Ní 1429 ni ọba Dẹ́ńmákì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ibodè ní Helsingør lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ tí ń gba ibẹ̀ kọjá, a kò sì fòpin sí i títí di 1857. Ẹ ò rí i pé omi tóóró lè bọ́ ọba fún ọdún tí ó lé ní 400!

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kẹta ni ìró. Ní 1066, William, olórí àwọn ará Normandy, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Faransé di èdè ààfin, ti àwọn ìjòyè, àti ti ilé ẹjọ́. Ní 1362 ni a tó ṣe òfin pé kí a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ro ẹjọ́. Láàrin àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ Látìnì nì, sonus, gba ẹnu àwọn Faransé bọ́ sí ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń pè é ní soun. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí d ní ìparí rẹ̀. Ahọ́n àwọn ará ìlú ni ó fi kún un nígbà tí ó yá, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi kún thunder, èyí tí í ṣe àrá. Àṣìpè ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò ni a óò sọ pé ó ṣì í pè.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kẹrin ni kí a wọn omi láti mọ bí ó ti jìn tó. Láti inú sonder, ọ̀rọ̀ Faransé, ni ó ti wá. Àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ àríwá ni àwọn Faransé pàápàá ti yá a. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ìbátan omi tóóró ni, tí ó lọ sí àjò tí ó sì padà wálé nínú aṣọ àjèjì. Okùn gígùn tí a so òjé mọ́ ni àwọn atukọ̀ ń jù sínú òkun. Wọ́n a máa fi ọ̀rá ẹran sí ihò ìdí òjé náà, kí ó lè lẹ̀ mọ́ iyanrìn tàbí ẹrẹ̀, kí wọ́n sì fi mọ irú ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á jẹ́ gígùn apá méjèèjì ènìyàn tí a nà tán, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 6.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1611 lò nínú ìtàn ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù sí Róòmù. Ìjì ti ń gbá ọkọ̀ náà kiri fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ènìyàn 276 sì wà nínú rẹ̀. Ní ọ̀gànjọ́ òru, àwọn atukọ̀ fura pé ilẹ̀ kò jìnnà mọ́. Wọ́n wọn omi, ó jìn ní 20. Wọ́n sún síwájú díẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n, ó di 15. Kò sí ẹni tí ó lè rí àpáta nínú òkùnkùn náà, ṣùgbọ́n okùn ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n sì dúró de ọ̀yẹ̀. Ọkọ̀ fọ́ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kan kò ṣòfò.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí òǹkọ̀wé ń lò nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbólóhùn ni ilé ọ̀rọ̀. Bí a bá wo àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, kò ní ṣòro láti mọ ìdílé tí ó ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó di ìtumọ̀ kan ṣoṣo mú láti inú ìwé atúmọ̀ èdè yóò ka òkun sí ariwo, yóò sì ka ìlera sí ìró fèrè.

Àwa Yorùbá ní ọ̀nà tiwa láti fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Àmì ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, àwọn aṣáájú ìjọ sì pàdé ní Èkó ní 1875 lórí ọ̀nà tí a óò máa gbà kọ èdè náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i dà bí ẹni tí ó bọ́ aṣọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, tí ó wá fi ẹ̀wù kan náà wọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ni ó ń sọnù lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù kò mọ sórí ìwé. Ní ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè dákẹ́ bákan náà nígbà tí olùkọ́ bá bi wọ́n léèrè: ọ̀kan kò mọ ìdáhùn, èkejì kò jẹun láti àná. Ẹni tí ó nà wọ́n ní ẹgba kan náà ti ṣi ọ̀rọ̀ kà. Ẹni méjì lè rẹ́rìn-ín bákan náà, kí ọ̀kan máa bá wa yọ̀, kí èkejì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú omi kì í sọ bí ìsàlẹ̀ ti jìn tó. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó dá ènìyàn lẹ́jọ́, tàbí kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ lóhùn, ẹ kọ́kọ́ ju okùn sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún un wọ̀n, nítorí ìwọ̀n ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó gba ènìyàn 276 là.