Ta Ló Ni Búrẹ́dì Hawaii?

Bí àwọn ará Amẹ́ríkà bá pé jọ, ìbáà ṣe ọjọ́ ìbí, ìdíje bọ́ọ̀lù tàbí ilé ọ̀fọ̀, oúnjẹ kan tí ẹ ó sábà rí níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní slider. Ṣíṣe rẹ̀ kò le. Wọ́n á mú búrẹ́dì kéékèèké 12 tó lẹ̀ mọ́ra, wọn ò ní já wọn sọ́tọ̀. Ọ̀bẹ ni wọ́n á fi là á, òkè lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n á tẹ́ háàmù, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, sórí ti ìsàlẹ̀, wọ́n á fi wàràkàṣì lé e, wọ́n á wá fi ti òkè dé e. Wọ́n á da bọ́tà yíyọ́ tí wọ́n pò mọ́ mọ́sítáàdì lé e lórí, wọ́n á fi fóìlì bò ó, ó di inú ààrò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ lè fi tòlótòló rọ́pò rẹ̀.

Búrẹ́dì tí ọ̀pọ̀ ń lò fún un ni èyí tó dùn díẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ Hawaii sára ọ̀rá rẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an la fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ ìbílẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Hawaii. Kókò ni wọ́n ń sè, tí wọ́n sì ń gún. Poi ni wọ́n ń pè é.

Ní 1878, Hawaii kò tíì di ara Amẹ́ríkà. Ọba Kalākaua ló wà lórí ìtẹ́, àwọn olóko ìrèké sì ń wá òṣìṣẹ́ kiri. Ní erékùṣù Madeira, tó jẹ́ ti Pọ́túgàl, àrùn ti ba ọgbà àjàrà jẹ́, ìyà sì ń jẹ ará ìlú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọkọ̀ òkun Priscilla kó wọn dé Honolulu lábẹ́ àdéhùn iṣẹ́ oko. Àwọn ará Azores náà tẹ̀ lé wọn, títí iye wọn fi lé ní 10,000. Wọ́n mọ ààrò sí àgbàlá, wọ́n sì ń yan búrẹ́dì aládùn tí wọ́n ń pè ní pão doce.

Búrẹ́dì nìkan kọ́ ni wọ́n gbé dé. Ní 1879, ọkọ̀ Ravenscrag kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́ta wá láti Madeira: Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo. Ohun èlò orin olókùn kékeré ti ìlú wọn ni wọ́n sọ di ukulele. Lónìí, bí a bá dárúkọ ukulele, Hawaii ló ń wá sọ́kàn gbogbo ayé.

Ní 1950, Robert Taira, ọmọ àwọn tó ṣí wá láti Okinawa ní Japáànì, ṣí ilé búrẹ́dì sí ìlú Hilo. Ó tún búrẹ́dì àwọn ará Pọ́túgàl yìí ṣe kó lè pẹ́ kó tó gan. Ní 1963, ó kó lọ sí òpópónà King ní Honolulu, ibẹ̀ ni orúkọ King's ti wá. Ní 1977, ó dé Torrance ní California. Ibi tí búrẹ́dì náà ti wọ Amẹ́ríkà ló gba orúkọ. Ti Madeira rá.

Ẹ wá wo àkàrà tiwa ní Bahia. Àwọn tó gbé e dé Bùràsíìlì kò tọwọ́ bọ àdéhùn kankan. Ẹrú ni wọ́n kó wọn. Síbẹ̀, acarajé ni wọ́n ń pè é títí dòní, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Orúkọ náà kò parun nítorí pé àwọn obìnrin tó ń tà á kò yé pè é bẹ́ẹ̀, àti pé oúnjẹ Ọya ni nínú ẹ̀sìn Candomblé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń múra àtilọ sókè òkun, àwọn mìíràn nínú yín sì ti débẹ̀. Bí ẹ bá gbé mọ́ínmọ́ín lọ síbi àpèjẹ, tí wọ́n bá bi yín léèrè, ẹ má kàn ní oúnjẹ Áfíríkà ni. Mọ́ínmọ́ín ni kí ẹ pè é.