Alùpùpù Àwa Ará Kánò: Ká Tún Un Ṣe Fúnra Wa Ni, àbí Ká Gbé E Fún Mẹkáníìkì?



Reluwé dé Kánò ní 1911, òun ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa wá sí Sábó. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń gùn. Nígbà tí owó Udoji jáde ní 1975, alùpùpù wá pọ̀ lóde.

Ọ̀pọ̀ alùpùpù ayé ìgbà yẹn, two-stroke ni: a máa ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í pẹ́ dúdú. Ìdí nìyẹn tí sípánà púlọ́ọ̀gì kì í fi í wọ́n lábẹ́ ìjókòó. A tú u, a ha á, a dá a padà, ó ti jí. Àmọ́ ẹni tó bá gbàgbé ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì nìyẹn, ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Nígbà tí Bajaj gbòde, ọ̀rọ̀ yí padà. Four-stroke ni, ọ́ìlì rẹ̀ dá wà nínú ẹ́ńjìnnì. Wàhálà púlọ́ọ̀gì dín kù, ṣùgbọ́n fáàfù rẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ ni ìfọkàntán ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan á yọ ojúlówó, wọ́n á fi ayédèrú dí i. Mẹkáníìkì gidi á jẹ́ kẹ́ ẹ dúró tì í, á sì kó ògbólógbòó pátì lé yín lọ́wọ́. Ìbáà ṣe Hausa, ìbáà ṣe Yorùbá, ìwà là ń wò.

Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ máa fa ṣéènì fúnra yín. Tó bá kan inú ẹ́ńjìnnì, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò.