Òjò Òkè Ọya àti Owó Ẹ̀wà ní Abakpa

A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó máa ń fa aáwọ̀ láàárín àwa tí a ń ta oúnjẹ gbígbẹ àti àwọn oníbàárà wa. Bó bá ti di oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà báyìí, tí owó ẹ̀wà àti àlùbọ́sà bá lé, wọ́n á ní àwọn Yorùbá yìí ti kó ọjà pamọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn wá, torí pé àlejò tí wọ́n bá fi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ di ìjà. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn, kí ẹ rí ibi tí owó ọjà yẹn ti ń wá.

Hausa pín ọdún ju bí àwa ṣe pín in lọ. Àwa ní òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, a ní àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, a sì ní ọyẹ́. Ní tiwọn, bazara ni ooru tó ṣáájú òjò, damina ni ìgbà òjò, kaka ni ìgbà ìkórè tí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, rani ni ẹ̀ẹ̀rùn, hunturu sì ni otútù ọyẹ́. Kaka yìí gan-an lọ̀rọ̀ wa. Àwọn ará wa tó wà ní London mọ àkókò yẹn sí ìgbà tí ewé igi ń já. Ní Kano, ìgbà tí àgbẹ̀ máa mọ̀ bóyá òun jèrè tàbí òun jẹ gbèsè ni.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń bára wọn du ilẹ̀ yìí. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀, ó kún fún omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sahara bọ̀, ó gbẹ táútáú. Ibi tí wọ́n ti pàdé ló ń sọ ibi tí òjò máa rọ̀ dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ibi ìpàdé náà ti ń rọra gun òkè lọ, tó bá fi máa di Ọ́gọ́ọ̀sì ó ti kọjá Katsina wọ ilẹ̀ Niger. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń padà bọ̀, kì í rọra mọ́, ó máa ń yára ju bó ṣe lọ. Ìdí nìyẹn tí òjò Sokoto àti Maiduguri fi lè dá ní ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà bí ìgbà tí èèyàn pa fìtílà, tí tiwa ní Enugu á ṣì máa da omi sí wa lára títí Ọkítóbà.

Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ èyí tipẹ́. Ọkà bàbà ìbílẹ̀ wọn, bí wọ́n gbìn ín tètè tàbí wọ́n gbìn ín pẹ́, kì í yọ orí títí ojúmọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí kúrú, ìyẹn ìgbà tí òjò ń múra àtilọ. Àfi bíi pé kàlẹ́ńdà wà nínú irúgbìn náà. Bí òjò bá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú lọ, orí ọkà á ṣófo. Bó bá pẹ́ jù kó tó lọ, ọkà á bu. Ẹ̀wà náà ń fẹ́ oòrùn láti gbẹ nínú pódi rẹ̀. Òjò tó bá bá a níbẹ̀ á mú un rà tàbí kó hù.

Ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú òkè Ọya kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àdúgbò wa pàápàá, Abakpa lọ̀pọ̀ èèyàn ìlà-oòrùn ń pe Hausa àti ibùdó wọn. Ẹ lọ sí Ogoja, Abakpa wà níbẹ̀. Torí èédú ni wọ́n ṣe gbé ọkọ̀ ojú irin dé Enugu láti Port Harcourt ní 1916. Nígbà tó yá wọ́n fà á lọ sókè, ó di pé wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹrù kọjá odò Benue ní Makurdi, títí wọ́n fi ṣí afárá ibẹ̀ ní 1932. Láti ìgbà yẹn, ohun tó bá bá oko Kano ti di ohun tó ń bá ìkòkò ará Enugu. Ogun 1967 sí 1970 nìkan ló já okùn náà pátá, ebi tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ohun tí a nílò láti máa sọ fún ẹnikẹ́ni níbí.

Ẹ wo 1913. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kano ni, àwọn àgbẹ̀ ti ń sáré gbin ẹ̀pà fún àwọn òyìnbó. Òjò ọdún yẹn kùnà, ìyàn ńlá sì mú ní 1914. Ọ̀dá 1972 sí 1974 tún wá. Ní 1963 adágún Chad fẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kìlómítà níbùú lóròó. Kó tó di àárín ọdún 1970 sí 1980 ó ti pín sí méjì. Wọ́n máa ń ní owó epo rọ̀bì ló pa òkìtì ẹ̀pà Kano. Ó lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tiwa ọ̀dá yẹn àti àrùn tó kọlu ẹ̀pà ní 1975 ló kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Láyé ìsinsìnyí, omi ló ń dààmú wa ju ọ̀dá lọ. Ilẹ̀ ti mu omi yó ní Sẹ̀tẹ́ńbà, gbogbo odò ti kún, díẹ̀ ló kù kó ya. Ìdídò Bagauda ní Kano já ní Ọ́gọ́ọ̀sì 1988. Omi ìdídò Alau ya wọ Maiduguri ní Sẹ̀tẹ́ńbà 1994, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 10 Sẹ̀tẹ́ńbà 2024. Omíyalé 2012 pa èèyàn 363, ó lé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì kúrò nílé. Ti 2022 pa ju 600 lọ. Lọ́dún yẹn, omi bo ọ̀nà Lokoja, tírélà dúró rẹrẹẹrẹ, ọjà sì ń jẹrà lórí wọn. Cameroon ní ìdídò Lagdo lórí odò Benue láti 1982, bó bá kún wọ́n á tú u. Dasin Hausa ní Adamawa ló yẹ kí ìjọba wa ti kọ́ èyí tó máa gba omi náà dúró, a ò tíì rí i.

Ẹ rí i pé kì í ṣe àwa la jókòó fowó lé ọjà. Bí òjò bá yára lọ, ẹ̀wà á kéré. Bó bá pẹ́, ẹ̀wà á bàjẹ́. Bí odò bá ya, èyí tó dára kò ní kọjá Makurdi sí Otukpo débi tó máa dé Obollo Afor.

Àjọ NiMet, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, máa ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìgbà tí òjò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sí Kano, Bauchi àti Borno ni kí ẹ wò, kì í ṣe ti Enugu nìkan. Ẹ̀wà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wọlé bí Ọkítóbà bá ń parí lọ, ẹni tó bá lè ní sùúrù kó rọra ra díẹ̀díẹ̀ di ìgbà náà. Ti àlùbọ́sà ló le. Èyí tó wà lọ́jà báyìí, ti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni, wọ́n ti tọ́jú ẹ̀ pẹ́, púpọ̀ ti rà. Tuntun tí wọ́n máa fi omi rin ní Kebbi àti Sokoto, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó dé Abakpa.