Bí Wọ́n Bá Kọ Ìbéèrè Owó Ìfarapa Ajagunfẹ̀yìntì: Bí Ìdílé Ṣe Lè Múra Ìwé Kòtẹ́milọ́rùn



Ní ìlú Ẹdẹ, níbi tí bárékè ológun wà, kì í ṣe ilé kan tàbí méjì la ti ń rí bàbá tó ti ṣe iṣẹ́ ológun. Àwọn kan ja ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970. Àwọn kan bá ikọ̀ ECOMOG lọ sí Làìbéríà àti Sierra Leone. Àwọn mìíràn kojú Boko Haram ní Bọ̀rnó. Ẹlòmíràn padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, etí tó di, tàbí oorun tí kò já geere mọ́.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun fi ààyè sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ ológun sọ di aláàbọ̀ ara láti gba owó ìfarapa. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ológun ni Military Pensions Board, ní Àbújá.

Nígbà mìíràn, lẹ́tà á dé pé wọn kò gbà. Bàbá á ní, "Ó di ọwọ́ Ọlọ́hun," wọn á sì ká ìwé náà sínú àpótí. Ìgbàgbọ́ nínú kádàrá kò ní kí a má béèrè ẹ̀tọ́ wa. Abala 173 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a dúró tàbí kí ó dín in kù, àfi bí òfin bá gbà á láyè. Àwọn ológun wà lára òṣìṣẹ́ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́

Ìwé kòtẹ́milọ́rùn kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe ìwé ìbínú. Èsì ni sí ìdí tí wọ́n fi kọ ìbéèrè náà. Bí lẹ́tà wọn kò bá sọ ìdí, ẹ fi òfin Freedom of Information ti ọdún 2011 béèrè fún ẹ̀dà ìwé tí ìgbìmọ̀ oníṣègùn kọ lórí bàbá. Òfin náà fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìdí bá wà. Bí bàbá kò bá mọ̀wé, tàbí tí àìlera kò jẹ́ kí ó lè kọ ọ́, òfin gbà kí ẹlòmíràn béèrè fún un. Ẹ jẹ́ kí bàbá fọwọ́ sí ìwé tàbí kí ó tẹ ìka pé òun gbà kí wọ́n fún yín.

Ẹ fi ẹ̀rí dáhùn ìdí náà

Bí wọ́n bá ní kò sí àkọsílẹ̀ pé ó farapa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀, káàdì ilé ìwòsàn bárékè, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ wà ní ikọ̀ kan náà. Ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì lè bá yín wá wọn. Kí ẹlẹ́rìí kọ nọ́ńbà ológun tirẹ̀, ibi tí wọ́n wà, ọdún rẹ̀, àti ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí wọ́n bá ní àìsàn náà kò ti iṣẹ́ ológun wá, tàbí pé kò pọ̀ tó, ọ̀dọ̀ dókítà lẹ ó lọ. Ẹ lọ bá dókítà eegun, etí tàbí ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ńlá, bí èyí tí Yunifásítì Ọ̀ṣun ní ní Òṣogbo, tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ìwé dókítà sọ nǹkan mẹ́ta: orúkọ àìsàn náà, ohun tí kò jẹ́ kí bàbá lè ṣe mọ́, àti bí ó ṣe tan mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú ìdí tí dókítà fi gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé tó kàn sọ pé "ẹsẹ̀ ń dùn ún" kò lè yí ohunkóhun padà.

Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ kò bára mu, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ó pọ̀ láàárín àwa Mùsùlùmí. Akọ̀wé ológun kọ "Sule", NIN ní "Sulaiman", báńkì sì ní "Alhaji Suleiman". Ẹ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni, ẹ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì fi méjèèjì mọ́ ìwé yín.

Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́

Kí bàbá fi Yorùbá sọ ìtàn rẹ̀, kí ọmọ tó mọ̀wé kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìfi iyọ̀ sí i. Ojú ìwé kan tàbí méjì tó. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà ológun, ọjọ́ tí lẹ́tà wọn dé, ìdí tí wọ́n sọ, èsì yín, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ẹ fi nọ́ńbà sí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí ojúlówó wà nílé. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti déètì lu ẹ̀dà tiyín.

Nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 282, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí a sì wá ẹlẹ́rìí sí i. Nítorí náà, ìwé pípamọ́ kì í ṣe àìgba Ọlọ́hun gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí èké àti rìbá, èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun "bá yín sáré", tàbí tó béèrè BVN àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì, ẹ sá fún un.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò

Bí wọ́n bá tún kọ̀, ilé-ẹjọ́ National Industrial Court, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ní agbára lórí ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba máa ń gbé òfin kan jáde, Public Officers Protection Act, pé ẹjọ́ tí a kò pè láàárín oṣù 3 ti pẹ́ jù. Agbẹjọ́rò yín lè ní èsì sí i, ṣùgbọ́n ẹ lọ rí i kí oṣù 3 tó pé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, kí ó béèrè ní Legal Aid Council ní Òṣogbo.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, tiwọn ní gbèdéke ọdún kan láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà fún méjì tó kẹ́yìn nínú àwọn ọ̀nà tí a fẹ́ kà yìí. Láti oṣù Kejì ọdún 2019, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí ó mú ẹ̀rí tuntun wá, kí ọ̀gá tún ìwé àtijọ́ wò láìsí ẹ̀rí tuntun, tàbí kí ó lọ síwájú Board of Veterans' Appeals.

Àwọn ẹlẹ́rìí bàbá ń dàgbà, àwọn mìíràn sì ti jáde láyé. Ẹ má dúró di ọ̀la. Lónìí, ẹ ṣí àpótí náà, ẹ yọ lẹ́tà yẹn jáde, kí ẹ sì jókòó ti bàbá kí ó sọ ìtàn rẹ̀ kalẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn bàbá wa ní àlàáfíà, kí Ó sì jẹ́ kí ẹ̀tọ́ wọn tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àmín.