Ìrìn Sẹ́ẹ̀lì Ìpìlẹ̀ Ẹ̀jẹ̀ àti Sẹ́ẹ̀lì Lùkímíà Nínú Ara

Lára sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ wa ti ń wá, àti pupa àti funfun. Mùdùnmúdùn inú egungun ni ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jókòó síbẹ̀ títí. Nígbà tí ọmọ wà nínú ikùn ìyá rẹ̀, ara òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn wá ló ti kọ́kọ́ yọ. Ó ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀ kó tó wọ egungun. Lára àgbàlagbà pàápàá, díẹ̀ nínú wọn ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á sì tún padà. Èròjà kan tó ń jẹ́ CXCL12, tí mùdùnmúdùn ń tú jáde, ló ń fà wọ́n, bí òórùn ọbẹ̀ ṣe ń fa ọmọ wálé. Ohun kan tó ń jẹ́ CXCR4 lára wọn ni wọ́n fi ń gbọ́ òórùn náà.

Ìrìn yìí ló mú kí ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn ṣeé ṣe. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fa sẹ́ẹ̀lì olùtọrẹ sí. Fúnra rẹ̀ ló ń wá egungun lọ. Iṣẹ́ yìí ló mú kí dókítà E. Donnall Thomas gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990. Ní 2011, ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ní Nàìjíríà ṣe é fún aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde.

Ó dunni pé ọ̀nà kan náà ni lùkímíà, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ń tọ̀. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ náà ní CXCR4, ó sì ń fi í sá pamọ́ sínú mùdùnmúdùn kí oògùn má bàa pa á tán. Ti CML, irú lùkímíà kan, yàtọ̀ díẹ̀: kì í di ilé mú. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì tó jáde ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí á lọ kún inú ẹ̀yà ara tó ń jẹ́ àmọ́ lábẹ́ egungun ìhà òsì. Ìdí nìyí tí ikùn wíwú fi sábà ń gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹ̀jẹ̀, irú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn CHU Campus ní Lomé. Imatinib, oògùn oníhóró tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ti yí ọ̀rọ̀ CML padà. Ní Ilé-Ifẹ̀, aláìsàn 98 ló gbà á láàárín 2003 sí 2007, ìdajì wọn kò sì ju nǹkan bí ọmọ ọdún 36 lọ.

ALL, irú lùkímíà tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé, máa ń wọ omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká. Ìwádìí 2018 lára eku fi hàn pé ó ń rá pálá lẹ́yìn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá. Ọ̀pọ̀ oògùn tí a fà sí iṣan kì í dé inú omi yìí dáadáa, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló ń débẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí ń ba òbí lẹ́rù, ó sì yẹ kí dókítà jókòó ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè ti mọ́ nínú àyẹ̀wò, kí sẹ́ẹ̀lì burúkú ṣì wà nínú omi ẹ̀yìn rẹ̀.