Láti Ìkòkò Aró Dé Orí Fóònù: Ìrìn-Àjò Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì Nílẹ̀ Wa

Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìyá aláró ti mọ̀ pé èlú kì í yọ aró tó mọ́yán lórí láìsí omi eérú. Ẹni tó ń se ọṣẹ dúdú sì mọ bí eérú àti epo ṣe ń di ọṣẹ nínú ìkòkò kan náà. Kẹ́mísírì ni. Àmọ́ nígbà tí àwọn oníwàásù gbé ìwé dé, kò sẹ́ni tó pe àwọn ìyá wọ̀nyí wá sí kíláàsì kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Ilé-ìwé gírámà CMS, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ajíhìnrere, tíṣà àti akọ̀wé ni ìjọ ń wá nígbà náà, nítorí náà sáyẹ́ǹsì jókòó sẹ́yìn. King's College dé ní 1909, Yaba Higher College ní 1934, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1948. Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń gòkè ni ó ń jìnnà sí èdè tí ọmọ fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 kó ọmọ rẹpẹtẹ wọ kíláàsì. Ní oṣù kẹwàá 1957, Rọ́ṣíà rán Sputnik lọ sójú ọ̀run, ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ kọ láti ìpìlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn gan-an ni àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn, STAN, sílẹ̀. Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí ni ìwé Nigerian Integrated Science Project ti wá, tí ọ̀pọ̀ wa gbé sínú àpò lọ sílé-ìwé. Tíṣà tó ń kọ́ni gan-an ló jókòó kọ ọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn títí dòní.

Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ti kọ́ “evaporation” sórí, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì, kí n tó mọ̀ pé ohun tó ń gbẹ aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé wa ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ka 1970 sí ọdún tó tóbi jù nínú ìtàn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ford Foundation sì fún wọn lówó. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà lára ẹ̀kọ́ wọn, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì mìíràn, tí wọ́n fi ń wé wọn, yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí gbogbo ilé-ìwé ti ń ṣe. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá tó bá iṣẹ́ náà mu, nítorí náà Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n dán kíláàsì méjèèjì wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò sì jó rẹ̀yìn. Síbẹ̀, ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 gba èdè abínibí láyè ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, ó dúró síbẹ̀.

Ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta àti mẹ́ta ní gírámà, mẹ́rin ní yunifásítì) tẹ̀ lé e ní 1982. Ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ ti òkè òkun wá, wọ́n sì dípẹtà sínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, nítorí kò sí iná, kò sì sí ẹni tó lè lò wọ́n.

Fóònù alágbèéká dé ní 2001. Ní 2002, Carl Wieman, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, dá PhET, àkójọ àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì orí kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ ní yunifásítì Colorado. Lórí PhET, ọmọ lè so bátìrì mọ́ wáyà àti gílóòbù, kó so ó wọ́, kó tún un so, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, a sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí a lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ilé-ìwé tí láàbù rẹ̀ kò ní ju tábìlì lọ, ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra dátà tí a ó fi kọ́kọ́ gbé e wá? Tíṣà ni, látinú owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí kòrónà ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta 2020, ọmọ tí kò ní fóònù nílé padà sídìí rédíò.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ṣì wà níbẹ̀. Ní 2021, ẹgbẹ́ Masakhane bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti túmọ̀ ìwé ìwádìí sáyẹ́ǹsì sí èdè Áfíríkà mẹ́fà, Yorùbá sì wà lára wọn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ohun tí Modákẹ́kẹ́ ti dán wò gan-an nìyẹn. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e.

Àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní St. Stephen's ní 1970 ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí. N kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n kí wọ́n tó kéde.