Ìṣọ́ Ẹnu Ibodè: Ìtàn Kòkòrò Ẹ̀gẹ́ àti ti Ilé Oyin

 Igbó Ẹfọ̀n, orúkọ ìlú yín, ń rán wa létí igbó àti ẹfọ̀n, ṣùgbọ́n ilé ni ó kún ibẹ̀ lónìí, ọjà sì ni púpọ̀ nínú yín ti ń ra gàrí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kàn yín gidigidi, nítorí ẹ̀bá ẹnu ibodè ni ẹ ń gbé.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí etíkun wa. Ní ọdún 1973 ni a kọ́kọ́ rí kòkòrò kan lára rẹ̀ ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville, ó funfun bí ẹni pé a wọ́n ìyẹ̀fun sí i lára. Omi ara ẹ̀gẹ́ ni ó ń mu: ọ̀mùnú a súnkì, ewé a rẹ̀ dànù, gbòǹgbò a sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tí a gé fún gbígbìn a máa gbé e láti oko dé oko. Nígbà tí ó fi di ọdún 1979, ó ti wọ Nàìjíríà àti Benin.

Ní ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, béèrè pé: kí ni ó ń pa kòkòrò yìí ní ilé rẹ̀? Ní ọdún 1981 a rí kòkòrò náà ní Paraguay, a sì rí agbọ́n kékeré kan tí ń yé ẹyin sí i lára, tí ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́ láti inú. Ẹ fi etí sílẹ̀: a kò gbé agbọ́n náà wá tààrà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ sé e mọ́, tí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó mú ibi mìíràn dání. Lẹ́yìn èyí ni a tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní òpin ọdún náà. Ó tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó ju 20 lọ, kòkòrò funfun náà sì rọlẹ̀. Ní ọdún 1995 a fi World Food Prize dá Herren lọ́lá. Ọ̀tá wọlé láìsí ẹni tí ó bi í léèrè. Ọ̀rẹ́ ni a dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ń rí irú agbọ́n bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ajẹ-àgbàdo tí a rí ní Nàìjíríà ní ọdún 2016 ṣì ń da àgbẹ̀ láàmú.

Ẹ má sì ṣe rò pé àwa nìkan ni à ń jìyà àlejò. Kòkòrò dúdú kékeré kan wà tí ń gbé inú ilé oyin; ọmọ Áfíríkà ni, oyin ilẹ̀ wa sì ti mọ bí a ti ń bá a jà. Ní ọdún 1998 a rí i ní Florida, ní ọdún 2002 ní Australia. Níbẹ̀ ni ìdin rẹ̀ ń gún afárá, tí oyin ń kan, tí ó sì ń ṣàn dànù.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 a ṣí èbúté ńlá Lẹ́kkí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Nigeria Agricultural Quarantine Service ni ìjọba fi iṣẹ́ yíyẹ ohun ọ̀gbìn wò lé lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé oníṣòwò a máa kùn nítorí ìdádúró. Ṣùgbọ́n ìdádúró ọjọ́ díẹ̀ sàn ju ìyàn lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀pá ẹ̀gẹ́, irúgbìn tàbí afárá pamọ́ sínú ẹrù láti òkè òkun. Ẹ gbé e fún wọn wò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.